Fífọ màlúù àti àgbò nígbà ọyẹ́: níbo ni ewu rẹ̀ wà gan-an?

Ní ilẹ̀ Okun, bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, ọ̀rọ̀ màlúù ti dé nìyẹn. Ìsìnkú àgbàlagbà wà ní Kàbbà, ìgbéyàwó wà ní Ìyàrà, ẹnìkan ń ṣí ilé tuntun ní Ìsánlú, àwọn ọmọ tó wà ní Èkó àti Àbújá sì ti ń bọ̀ wálé. Àna tó fẹ́ fa màlúù wá sí ìnáwó kò ní fẹ́ kó dé ojúde pẹ̀lú ìgbẹ́ gbígbẹ ní itan, kí eruku ọ̀nà Ọbájànà sì ti sọ ẹran funfun di pupa. Á ní kí wọ́n fọ̀ ọ́. Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti máa ń bẹ̀rẹ̀, torí ọyẹ́ ti ń fẹ́ nígbà náà.

Bàbá tó ti ń sin ẹran láti kékeré á ní kí ẹnikẹ́ni má da omi sí ẹran lára nínú ọyẹ́, pé òtútù á mú un, á sì kú. Ọmọ rẹ̀ á yọ fóònù, á fi fídíò hàn án: àwọn ọmọdé kan ní Amẹ́ríkà ń fi rọ́bà rọ omi sí màlúù lára, yìnyín sì funfun báláú níta. Bí màlúù tọ̀hún kò bá kú nínú yìnyín, ọyẹ́ wo ni yóò pa tiwa? Ohun tí kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí parí ni pé bàbá mú apá kan òótọ́ dání, ọmọ náà sì mú apá kan. Omi tútù fúnra rẹ̀ kì í pa màlúù tí ara rẹ̀ le. Ohun tó ń ṣe é níbi ni kí omi wà lára rẹ̀ láìgbẹ, kí afẹ́fẹ́ sì máa fẹ́ lù ú. Àwọn ará Amẹ́ríkà mọ èyí dáadáa, àmọ́ ibi tí wọ́n ti ń ṣọ́ra fún un kì í sábà hàn nínú fídíò ìṣẹ́jú kan.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ irú màlúù tó wà nínú fídíò yẹn. Màlúù ìpàtẹ ni. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ iléèwé tó wà nínú 4-H tàbí FFA, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, máa ń sin akọ màlúù tí wọ́n ti tẹ̀ lọ́dàá, tàbí abo tí kò tíì bímọ, wọ́n á sì mú un lọ síbi ìdíje. Adájọ́ á wo bí ẹran ṣe dúró, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe tọ́, bí itan àti ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe kún. Àárín òtútù gan-an ni díẹ̀ nínú àwọn ìpàtẹ tó lórúkọ jù bọ́ sí. National Western tó wà ní Denver, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1906, inú oṣù Kìíní ni wọ́n ń ṣe é. Ti Fort Worth ní Texas, tó ti wà láti 1896, oṣù Kìíní náà ló máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mú ẹran lọ sí Denver kò lè dúró de ìgbà tí oòrùn bá mú kó tó fọ̀ ọ́.

Irun ni wọ́n ń tìtorí ẹ̀ fọ̀ ọ́. Màlúù ilẹ̀ olótùútù bíi Angus, Hereford, Shorthorn àti Maine-Anjou máa ń hu irun gígùn tó nípọn nígbà òtútù, ẹni tó bá sì mọ irun gẹ̀ lè fi irun yìí tún ìrísí ẹran ṣe. Ẹsẹ̀ tó tín-ín-rín á dà bí èyí tó nípọn, ẹ̀yìn tó ní kòtò díẹ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ lójú adájọ́. Nítorí náà, wọ́n á fi omi rin irun náà lójoojúmọ́ tàbí lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ọ̀sẹ̀, wọ́n á yà á síwájú àti sókè, wọ́n á gbé ẹ̀rọ tó ń tu atẹ́gùn líle sí i títí yóò fi gbẹ, wọ́n á tún yà á. Tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún oṣù bíi mélòó kan, irun náà á mọ́ra láti dúró síbi tí wọ́n fẹ́. Ọṣẹ kì í sì í wọ̀ ọ́ lójoojúmọ́, nítorí ọṣẹ máa ń bó ọ̀rá tó wà lára awọ dànù, ọ̀rá yẹn ló sì ń jẹ́ kí irun dán.

Àwọn kan tó wo fídíò náà rò pé omi tútù ló ń mú kí irun gùn. Ohun tó ń sọ fún ara màlúù pé àkókò irun òtútù ti tó ni bí ojúmọ́ ṣe ń kúrú sí i. Ojú ẹran ló ń rí ìmọ́lẹ̀, ara rẹ̀ á sì ti ibẹ̀ mọ ìgbà tó yẹ kó hu irun àti ìgbà tó yẹ kó já a dànù. Lẹ́yìn ìmọ́lẹ̀ ni ìran tí ẹran ti wá, oúnjẹ tó ń jẹ, àti bí afẹ́fẹ́ àyíká rẹ̀ ṣe tutù tó. Ní Denver, ojúmọ́ tó gùn jù lọ́dún fi ju wákàtí márùn-ún lọ gùn ju èyí tó kúrú jù. Ní Kàbbà, ìyàtọ̀ méjèèjì kò pé wákàtí kan. Ẹ ò rí i pé ara màlúù tiwa kò rí ohun tí yóò fi mọ̀ pé ìgbà irun dé.

Àní ká tiẹ̀ sọ pé ó rí i, irú màlúù tó wà lọ́wọ́ wa kì í ṣe oníirun. Màlúù funfun oníwo gígùn tí wọ́n ń pè ní Bunaji, tí ẹ máa rí lọ́wọ́ àwọn darandaran láti Bùnú dé Yàgbà, irun kúkúrú tó lẹ̀ mọ́ awọ ló ní. Awọ ọrùn rẹ̀ rọ̀ wálẹ̀, iké wà léjìká rẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ ni wọ́n dá fún ooru. Rahaji pupa náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń ji Bunaji ní ìdájí láti fọ̀ ọ́ kí irun rẹ̀ lè dà bíi ti inú fídíò, ìyà lásán ló fi ń jẹ ẹran náà, owó omi àti ọṣẹ sì ń lọ. Ó yẹ ká mọ̀ pẹ̀lú pé ní Texas kan náà, àwọn ìpàtẹ kan ti ṣòfin pé kí wọ́n gẹ irun akọ màlúù mọ́lẹ̀ kó tó wọ agbo ìdíje, kí adájọ́ lè rí ẹran gan-an. Irun kì í ṣe ẹwà màlúù níbi gbogbo.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sórí ohun tí fídíò náà kò fi hàn. Inú yàrá tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ni wọ́n ti sábà ń fọ ẹran náà nígbà òtútù, ilẹ̀ rẹ̀ dagun kí omi lè ṣàn lọ, ọ̀pọ̀ nínú àwọn yàrá náà sì ní ohun tó ń mú wọn móoru. Bí wọ́n ti ń pa omi ni wọ́n ń gbé ẹ̀rọ atẹ́gùn sí i, wọn kò sì ní tú ẹran náà síta àfi tí irun rẹ̀ bá gbẹ dé ìdí. Koríko gbígbẹ tó nípọn wà nílẹ̀ tí yóò dùbúlẹ̀ lé. Lọ́jọ́ tí òtútù bá pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, wọn kì í fi omi kàn án rárá. Atẹ́gùn gbígbẹ àti búrọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi ń yọ ìdọ̀tí. Gbogbo ìtọ́jú yẹn ló gba màlúù náà là, kì í ṣe pé ara rẹ̀ kò mọ òtútù. Ẹni tó bá wá kó omi níhìn-ín, tí kò ní yàrá, tí kò ní ẹ̀rọ atẹ́gùn, tí iná kò sì sí, ìdajì iṣẹ́ ló mú, ìdajì yẹn gan-an ló sì léwu.

Kí ni omi ń ṣe sí ẹran nínú ọyẹ́? Ẹ wo àmù tí ìyá àgbà gbé sí kọ̀rọ̀. Omi inú rẹ̀ máa ń tutù nígbà ọyẹ́ ju ìgbà òjò lọ, bẹ́ẹ̀ iná mànàmáná kò sí nídìí rẹ̀. Omi díẹ̀ ń là láti inú amọ̀ jáde, afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń gbé e lọ, bó sì ti ń lọ ló ń kó ooru omi tó ṣẹ́kù nínú àmù dání. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣe gbẹ tó ni omi àmù yóò ṣe tutù tó. Màlúù tí wọ́n rọ omi lé lórí, tí wọ́n sì so mọ́ ìdí igi nínú ọyẹ́, ti di àmù. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé inú ara ẹ̀dá alààyè ni ooru tí afẹ́fẹ́ ń kó lọ ti ń wá, oúnjẹ tó jẹ ló sì gbọ́dọ̀ fi dá òmíràn.

Ooru yẹn kò kéré. Kí lítà omi kan ṣoṣo tó gbẹ tán lára ẹran, ooru tó máa gbà tó èyí tó lè sè ju lítà méje omi lọ, láti bó ṣe wà nínú kòròbá títí yóò fi hó. Ẹni tó bá ti fi igi dáná omi rí mọ bí igi tó ń lọ síbẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Òótọ́ ni pé oòrùn àti afẹ́fẹ́ á dá díẹ̀ nínú ooru náà, àmọ́ ní ìdájí tí oòrùn kò tíì yọ, ara ẹran ló máa san èyí tó pọ̀ jù.

Níbí ni àṣìṣe kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí, torí ó ń tan àwọn tó gbọ́n jẹ. Wọ́n á ní, "Ọyẹ́ ń gbẹ nǹkan kíákíá. Aṣọ tí a sá láàárọ̀ ti gbẹ kí ó tó di ọ̀sán. Ẹran náà á gbẹ kíá, kí ló wá kù?" Bí omi bá ṣe ń yára gbẹ ni ooru ṣe ń yára jáde lára ẹran. Aṣọ kò ní ẹ̀dọ̀fóró, kò sì ní ọmọ nínú. Yíyára gbẹ yẹn dára tó bá jẹ́ pé oòrùn ọ̀sán ló ń san owó rẹ̀. Tó bá jẹ́ afẹ́fẹ́ ìdájí ni, ẹran ló ń san án.

Ohun tó dùn mọ́ mi nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ọ̀nà àbáyọ ti wà nínú rẹ̀. Nínú kòròbá omi kan tí ẹ bá dà sí màlúù lára, èyí tó pọ̀ jù á ṣàn sílẹ̀, kò sì ní mú ooru púpọ̀ lọ. Èyí tó rọ̀ mọ́ irun ni wàhálà. Gbogbo omi tí ẹ bá fi ọwọ́ fá tàbí fi àkísà nù kúrò kó tó gbẹ fúnra rẹ̀, ẹran kò ní fi ooru ara rẹ̀ gbẹ ẹ́ mọ́. Àkísà gbígbẹ ni ẹ̀rọ atẹ́gùn tiwa.

Àwọn tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ ẹran ní àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà ní ìwọ̀n kan tí wọ́n fi ń la àwọn àgbẹ̀ lọ́yẹ̀. Màlúù tí irun òtútù rẹ̀ nípọn, tí ara rẹ̀ sì gbẹ, lè fara da òtútù títí dé nǹkan bíi digrí 8 sísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius kó tó di pé ara rẹ̀ ń sun oúnjẹ ju tàtẹ̀yìnwá lọ láti móoru. Bí omi bá rin irun màlúù yẹn kan náà, digrí 15 lókè òdo ni ìnira ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ni pé omi nìkan ló gba digrí 23 lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn kò tiẹ̀ sọ pé omi náà tutù. Pé ó rin irun, irun ò sì lè há afẹ́fẹ́ mọ́ra mọ́, ó tó. Láti ibẹ̀ lọ, bí afẹ́fẹ́ bá ti ń fi digrí Celsius kan sọ̀kalẹ̀, oúnjẹ tó ń fún ẹran lókun gbọ́dọ̀ fi nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 lé sí i, ó kéré tán.

Màlúù ilẹ̀ òtútù ni wọ́n fi wọn gbogbo èyí. Tiwa tí irun rẹ̀ kò nípọn, tí ooru ti mọ́ lára, òtútù á tètè mú un ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní òwúrọ̀ oṣù Kìíní ní Mọ̀pà tàbí Ẹ̀gbẹ́, afẹ́fẹ́ lè sọ̀kalẹ̀ dé digrí 17 tàbí 16. Fún màlúù tí ara rẹ̀ gbẹ, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Á dúró, á máa jẹ àpọ̀jẹ rẹ̀. Fún èyí tí omi rin, ó ti dé bèbè. Àmọ́ ní aago méjì ọ̀sán ọjọ́ kan náà, oòrùn lè ti gbé e kọjá digrí 32. Ọjọ́ kan ṣoṣo nínú ọyẹ́ ní wákàtí tó léwu, ó sì ní wákàtí tí kò séwu, ọ̀rọ̀ bàbá àti ti ọmọ sì lè bára mu lórí aago.

Ó kù ká sọ̀rọ̀ àìsàn, torí pé "òtútù mú un, ó kú" ni gbogbo ènìyàn máa ń sọ. Òtútù kì í dá àìsàn sílẹ̀ láti inú òfìfo. Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan wà tí wọ́n ń gbé imú àti ọ̀nà ọ̀fun ẹran tí ara rẹ̀ dá, tí wọn kì í sì í ṣe é ní nǹkan kan. Bí ẹran náà bá rẹ̀, tí ebi pa á, tí ó bá wà nínú ọkọ̀ láti òkè ọya títí dé ọjà Kàbbà, tí eruku ọyẹ́ ti kún imú rẹ̀, tí wọ́n wá rọ omi lé e lórí ní alẹ́ ọjọ́ tó dé, ara rẹ̀ kò ní lè kápá àwọn kòkòrò yẹn mọ́. Wọ́n á sọ̀kalẹ̀ sínú ẹ̀dọ̀fóró, òtútù àyà á sì bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ àwọn tó bá ra ẹran wọlé látọ̀nà jíjìn pé kí wọ́n jẹ́ kó sinmi, kó mu omi, kó jẹun fún ọjọ́ bíi mélòó kan kí ẹnikẹ́ni tó gbé kòròbá sún mọ́ ọn.

Ní ti àgùntàn àti ewúrẹ́, àìsàn kan wà tí ọ̀pọ̀ ń pè ní kata, tí àwọn dókítà ẹran ń pè ní PPR. Ó máa ń jà nígbà ọyẹ́ náà: ibà, ojú àti imú tó ń dà, egbò ẹnu, ìgbẹ́ gbuuru, ikọ́. Wọ́n máa ń di ẹ̀bi rẹ̀ ru omi tí wọ́n fi fọ ẹran lánàá, bẹ́ẹ̀ láti ara ẹran mìíràn ló ti ràn án. Àkísà kò lè dá a dúró, abẹ́rẹ́ àjẹsára ló lè ṣe é. Láti ara kòkòrò tí wọ́n rí gbà ní Nàìjíríà ní 1975 ni wọ́n ti ṣe oògùn àjẹsára tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń lò fún un, wọ́n sì ń pè é ní Nigeria 75/1 títí dòní. NVRI, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣèwádìí àìsàn ẹran, tó wà ní Vom, ní ìpínlẹ̀ Plateau, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1924, ń ṣe é. Bó bá wọ ara dáadáa lẹ́ẹ̀kan, ó lè dáàbò bo ẹran fún ọdún mẹ́ta. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà ẹran tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ yín kí ọyẹ́ tó wọlé.

Tí ó bá wá di dandan pé kí ẹran mọ́ nítorí ìnáwó, ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú láti fọ̀ ọ́ láìlo omi. Èyí tó pọ̀ nínú ìdọ̀tí ọyẹ́ jẹ́ eruku, búrọ́ọ̀ṣì líle tàbí kànrìnkàn gbígbẹ á sì gbọ̀n ọ́n dànù. Ẹ fi ọwọ́ fọ́ ìgbẹ́ tó ti gbẹ sí itan, kí ẹ tó fi búrọ́ọ̀ṣì yà á. Ibi tó bá kù tí kò lọ, ẹ ki àkísà bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ fún un, kí ẹ fi nu ibẹ̀ nìkan. Màlúù funfun á mọ́ dé ibi tó ya ènìyàn lẹ́nu. Nígbà ọyẹ́, eégbọn ńlá tó ń yọ wá lẹ́nu nígbà òjò kò pọ̀ lára ẹran mọ́, nítorí náà ìdí tí à bá fi rọ oògùn eégbọn sí i látòkè délẹ̀ kò lágbára tó bẹ́ẹ̀.

Tí ìyẹn kò bá tó, ọ̀sán ni kí ẹ fọ̀ ọ́, láàárín aago mọ́kànlá sí aago méjì, lọ́jọ́ tí oòrùn bá yọ dáadáa. Ọjọ́ tí eruku bá bo ojú oòrùn, tí gbogbo ayé ṣú bíi pé wọ́n ta èéfín sí i, ẹ fi í sílẹ̀ di ọ̀la. Ẹ wá ẹ̀yìn ilé tàbí ògiri tí kò jẹ́ kí atẹ́gùn láti àríwá fẹ́ wọlé tààrà, kí oòrùn sì máa ta sí ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kó ti jẹun kánrin ṣáájú, pàápàá ewé ẹ̀pà gbígbẹ tàbí koríko gbígbẹ, torí bí inú màlúù ṣe ń lọ irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ló ń dá ooru. Màlúù tí inú rẹ̀ ṣófo kò ní ohun tí yóò fi gbẹ ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ omi wá ṣe kókó. Èyí tó sùn nínú táńkì orí òpó tàbí nínú kòròbá níta ti bá afẹ́fẹ́ òru tutù. Èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà láti inú bọ́họ́ọ̀lù kò rí bẹ́ẹ̀, torí ilẹ̀ jíjìn kì í mọ̀ pé ọyẹ́ dé. Omi rẹ̀ á lọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀ láàárọ̀. Ẹni tí kò ní bọ́họ́ọ̀lù lè gbé omi sínú oòrùn láti òwúrọ̀. Apá kan ara ni kí ẹ máa fọ̀ lẹ́ẹ̀kan, láti ẹsẹ̀ lọ sókè. Ẹ fọ itan, ẹ nù ún gbẹ. Ẹ fọ ìhà kan, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ tó yí sí ìkejì. Ẹ má rọ omi sínú etí, ẹ má sì rọ ọ́ lójú imú. Ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀ẹ̀fùn le jù fún awọ ẹran nígbà tí afẹ́fẹ́ gbẹ, ọṣẹ dúdú púpọ̀ náà sì máa ń bó ọ̀rá ara. Ọṣẹ ìwẹ̀ díẹ̀ lójú ìdọ̀tí tó, kí ẹ sì ṣan án dáadáa. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń fi òrí tàbí àdín pa ẹran lára lẹ́yìn náà kó lè dán. Ó ń dán lóòótọ́ fún wákàtí kan, kí eruku ọ̀nà tó lẹ̀ mọ́ ọn.

Ẹ fi ọwọ́ fá omi kúrò lára rẹ̀ láti ẹ̀yìn wá sí ikùn, ẹ fi àkísà gbígbẹ nù ún, ẹ pààrọ̀ àkísà nígbà tó bá rin, kí ẹ sì máa fà á rìn nínú oòrùn. Ẹ ki ìka yín bọ ìdí irun lábẹ́ àyà àti láàárín itan, torí òkè á gbẹ nígbà tí abẹ́ ṣì rin. Kí aago mẹ́rin tó lù, ó gbọ́dọ̀ ti gbẹ pátápátá.

Àwọn kan wà tí omi kò gbọ́dọ̀ kàn rárá nígbà ọyẹ́: ọmọ màlúù tí kò tíì ja ọmú, abo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ tàbí tó fẹ́ bí, ẹran tó rù, èyí tó ń wúkọ́, àti èyí tó ní èépá lára tí àwọn Hausa ń pè ní kirchi. Omi lórí awọ ló ń jí kòkòrò tó ń fa kirchi, tó sì ń tàn án kálẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àgbò le díẹ̀ ju ti màlúù lọ. Ara rẹ̀ kéré, ohun tó kéré sì máa ń tètè tutù. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń fọ àgbò Balami tàbí Yankasa nítorí Iléyá, a kò sì rí wàhálà kan, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé oṣù Kàrún àti oṣù Kẹfà ni Iléyá ń bọ́ sí láwọn ọdún yìí. Ọdọọdún ló ń fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá sún síwájú. Tó bá máa fi di nǹkan bí 2035, inú oṣù Kejì ni yóò ti bọ́ sí, lẹ́yìn náà yóò wọ oṣù Kìíní àti oṣù Kejìlá, àárín ọyẹ́ gan-an. Àwọn ọmọ tó ń bá wa fọ àgbò ní kòròbá mẹ́rin ní àfẹ̀mọ́júmọ́ nísinsìnyí ni wọn yóò máa ṣe é nígbà náà. Ó yẹ kí wọ́n ti mọ̀ pé ohun tí oṣù Kẹfà gbà, oṣù Kìíní kò ní gbà á.

Bí ẹnìkan bá ti wá fọ ẹran ní àṣìṣe, tí ẹ bá a ní ìrọ̀lẹ́ tó ń gbọ̀n, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ká, tí irun rẹ̀ dìde, ẹ kọ́kọ́ gbé e kúrò lójú afẹ́fẹ́. Ẹ nù ún, ẹ fi àpò gbígbẹ fa ara rẹ̀ líle, ẹ tẹ́ koríko gbígbẹ sílẹ̀ kó má dùbúlẹ̀ lé sìmẹ́ńtì, ẹ da àpò bò ó lẹ́yìn. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti koríko ni kí ẹ gbé síwájú rẹ̀ kó fúnra rẹ̀ mu, kó fúnra rẹ̀ jẹ. Mo bẹ̀ yín, ẹ má da epo pupa tàbí ọtí sí i lẹ́nu. Ẹran tí ara rẹ̀ kò le kì í lè gbé e mì dáadáa, ẹ̀dọ̀fóró ni epo náà máa lọ, òun gan-an á sì pa á. Ìgbóná ara màlúù sábà máa ń wà láàárín digrí 38 àti 39 àti díẹ̀. Ti àgbò fi díẹ̀ ga jù ú lọ. Tí tẹmọ́mítà tí ẹ kì bọ ìdí rẹ̀ bá kà tó sísàlẹ̀ 37, tàbí tí ẹran bá ṣíwọ́ gbígbọ̀n láìjẹ́ pé ara rẹ̀ gbóná padà, ẹ pe dókítà ẹran lóru yẹn.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lẹ́yìn náà, ẹ máa ṣọ́ ikọ́, èémí kíákíá, imú tó ń dà, àti àìjẹun. Tí dókítà bá gún un ní abẹ́rẹ́, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ iye ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ kọjá kí ẹnikẹ́ni tó jẹ ẹran náà. Abẹ́rẹ́ oxytetracycline tó ń pẹ́ lára, tí wọ́n sábà ń lò fún òtútù àyà, lè gba ọjọ́ 28. Tí ìnáwó bá wà láàárín ọjọ́ yẹn, màlúù mìíràn ni kí àna fà wá.